Àgbébọ̀ Tó Kọ Bí Àkùkọ ní Igbólógun

Bí ènìyàn bá dúró létí omi ní Apápá ní ìdájí, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè wọn, kí èrò Ajégúnlẹ̀ tó tú jáde bí eéṣú sójú pópó, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo ojú ọ̀sà bí aṣọ ìbora, ohùn àkùkọ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ láti òdìkejì omi, láti orí ilẹ̀ gbọọrọ kan tó nà bí ejò tó sùn, ilẹ̀ tí wọ́n tìtorí ìrísí rẹ̀ yìí sọ ní Snake Island, Erékùṣù Ejò, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì mọ̀ sí Igbólógun. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ojú omi náà ni ọ̀nà rẹ̀ sí ibẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀, ohùn àkùkọ yẹn nìkan ni ìpín tirẹ̀ nínú ayé wọn.

Àwọn tó ń wo erékùṣù yìí láti òkèèrè lónìí, irin àti iná ni wọ́n ń rí. Wọ́n ń rí ọgbà Nigerdock, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe láti ọdún 1986. Bí wọ́n bá sì yí ojú padà, èbúté Tin Can ló wà níwájú wọn, èyí tí ìjọba ṣí ní ọdún 1977, lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì wá ti dí ẹnu ọ̀nà omi Èkó pa. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí a fi irin sẹ́yìn, tí a sì rin iyanrìn díẹ̀ síwájú, abúlé la ó bá: Àwórì, Ègùn àti Ìlàjẹ, apẹja àti ẹlẹ́ja, èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, igi àgbọn lókè, igi ẹ̀gbà nínú àbàtà, àti adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri láìsí àgò, láìsí odi, tó ń ta iyanrìn láti àárọ̀ títí di ìgbà tí yóò gun igi lọ sùn. Adìẹ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí pé nínú agboolé irú èyí, tí adìẹ ti ń rí ọjọ́ orí lò, ni àṣà àtijọ́ kan ti lè máa mí títí di òní.

Láyé àwọn baba wa, kì í ṣe ní etí ọ̀sà yìí nìkan, bí kò ṣe ní ọ̀pọ̀ agboolé jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, bí àgbébọ̀ adìẹ kan, èyí tó ti yé, tó ti sàba, tó ti kó òròmọdìẹ sẹ́yìn rìn láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, bá ṣàdédé na ọrùn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tó lu ìyẹ́ méjèèjì pọ̀, tó sì kọ bí àkùkọ, wọn kì í jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ náà wọ̀ bá a láàyè. Èèmọ̀ ni wọ́n pè é. Wọ́n gbà pé ikú ló ń pè wá sínú ilé, pàápàá ikú baálé. Wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá gbọ́ ọ tó dákẹ́ ti di alájọpín nínú ohun tó ń bọ̀. Ní ibòmíràn, wọn a gbé ọ̀rọ̀ náà tọ babaláwo lọ kí Ifá sọ ohun tí wọn yóò fi tu ilé lójú. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni, ọ̀bẹ ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Àkùkọ tó bá kọ ní àṣálẹ́, nígbà tí kò tíì tó àkókò, ń jẹ nínú ìyà náà. Ohun tó kúrò ní àyè rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù, yálà àyè náà jẹ́ ti wákàtí tàbí ti ara.

Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀ pé èdè wa, tó gbé àṣà yìí pọ̀n, kò fi akọ tàbí abo pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kékeré náà, "ó". Ọmọdé a sáré wọlé, a ní, "Ó ti kọ!" Kò sí ẹni tó lè ti inú gbólóhùn yẹn mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, àfi bó bá dìde lọ wò ó. A máa ń pe òkúta tó le ní akọ òkúta, a máa ń pe iṣẹ́ tó nira ní akọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ la sì ń pe obìnrin tó bá ṣe gudugudu méje ní akọni, tí a kò sì rí i bí èébú. Nígbà tí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ń kó ẹrú àti ohun ìjà jọ, tí Ẹfúnróyè Tinúbú sì ń fi ọ̀rọ̀ ọba Èkó àti ti Ẹ̀gbá sábẹ́ ahọ́n, ilẹ̀ wa rí obìnrin tí ohùn rẹ̀ dún ju ti ọkùnrin lọ, a sì fi wọ́n sínú ìtàn. Adìẹ nìkan la kò gbà fún.

Àwọn ọdẹ ní tiwọn kò fi gbogbo ìgbà bẹ̀rù bí ará ilé ti ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá ń fi ojú wá oúnjẹ nínú igbó kò gbọdọ̀ ṣi ojú lò, èyí sì ni ìdí tí ìjálá àwọn ọlọ́dẹ fi kún fún àpèjúwe ẹran àti ẹyẹ tó gún régé tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò fi dá ẹran náà mọ̀ kí ó tó fi ojú kàn án. Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹtù takọ-tabo bára wọn dọ́gba ní ìyẹ́ àti ní ìrìn, pé etí ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: igbe ẹlẹ́ẹ̀mejì tó so pọ̀, tó ń tún ara rẹ̀ sọ léraléra, ti abo ni, akọ kò lè pa á. Ti àparò tún yàtọ̀. Òwe ní ọgbọọgba ni àparò rí, ọ̀kan kò ga ju ọ̀kan lọ àfi èyí tó bá gun orí ebè, òótọ́ sì ni pé ìyẹ́ kò fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo; ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni ọdẹ ń wò. Ìwo kékeré méjì ló ń yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ akọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n abo kì í ní in, tàbí kí tirẹ̀ jẹ́ kókó lásán. Ọdẹ tó ti yí àparò lójú wò lọ́pọ̀ ìgbà mọ̀ pé ààlà tó wà láàárín akọ àti abo kì í ṣe ògiri.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan la dẹ́rù ba ara wa. Àwọn ará Yúróòpù náà ní òwe kan tó so obìnrin tó ń súfèé pọ̀ mọ́ àgbébọ̀ tó ń kọ, tó sì sọ pé àwọn méjèèjì kò wu Ọlọ́run, wọn kò wu ènìyàn. Ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, ní ọdún 1474, wọ́n gbé àkùkọ kan lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n ní ó yé ẹyin. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì dáná sun ún tòun tẹyin níṣojú gbogbo ìlú. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn wọn ni pé irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ni ejò abàmì kan tó ń fi ojú pa ènìyàn ti ń jáde wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, Igbólógun ni ọkàn mi lọ, erékùṣù tó ń jẹ́ orúkọ ejò, tí adìẹ rẹ̀ sì ń jẹ̀bi ẹ̀sùn kan náà. Ìyàtọ̀ kan péré ló wà níbẹ̀: àkùkọ ni tiwọn, ẹyin ló yé, àgbébọ̀ ni tiwa, igbe ló ké.

Ó sì dùn mọ́ mi pé ẹnì kan ti wo ọ̀rọ̀ yìí láìfi ìbẹ̀rù bojú ṣáájú ìgbà náà. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Jésù, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ẹranko pé àgbébọ̀ tó bá ti ṣẹ́gun àkùkọ nínú ìjà a máa kọ, ogbe orí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ a dìde, ìwo kékeré a sì máa yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ àwọn mìíràn. Ó ṣi ìdí rẹ̀ mú, nítorí kì í ṣe ìjà ló fà á. Ṣùgbọ́n ohun tó rí, ó rí i dájú.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tòlótòló inú igbó ni ọ̀rọ̀ náà ń bá jà. Tòlótòló kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Àwọn ará Mẹ́síkò ló kọ́kọ́ sìn ín sílé, àwọn ará Sípéènì ló sì gbé e kọjá òkun wá sí Yúróòpù lẹ́yìn ọdún 1500. Tòlótòló akọ tó wà nínú igbó Amẹ́ríkà ní ìdì ìyẹ́ dúdú kan tó rí bí irun, tó ń rọ̀ láti àyà rẹ̀, tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń pè ní irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n a máa ń rí abo tó ní irùngbọ̀n náà, tó máa ń tín-ín-rín ju ti akọ lọ. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè, irú abo bẹ́ẹ̀ kì í tó 10 nínú 100. Abo pípé ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀: ó ń yé, ó ń sàba, ó ń pa ọmọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà ọdẹ ìgbà ìrúwé, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ sọ pé ẹyẹ tó bá ní irùngbọ̀n nìkan ni ọdẹ lè pa, kí abo tó ń múra àtisàba má baà bá a lọ. Òfin tí wọ́n fi dáàbò bo abo ló wá ṣí abo onírùngbọ̀n sílẹ̀ fún ìbọn. Irùngbọ̀n ló ń pa á níbẹ̀ bí igbe ti ń pa ẹgbẹ́ rẹ̀ níhìn-ín, àwọn méjèèjì kò sì ṣẹ ẹnì kan.

Mo ti fi ojú ara mi rí irú àgbébọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi dání wọkọ̀ lọ ra ẹja yíyan lọ́wọ́ màmá Ìlàjẹ kan ní erékùṣù náà, a sì bá èrò tó pé jọ yí adìẹ kan ká, tí wọ́n ti fi okùn ọ̀pẹ so lẹ́sẹ̀ mọ́ ìdí àgbọn. Adìẹ pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Ogbe orí rẹ̀, tó yẹ kó tín-ín-rín, ti pọ́n, ó ti nípọn, ó sì ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹ́ méjì nínú ìrù rẹ̀ gùn ju àwọn ìyókù lọ, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwo kan tó tó hóró àgbàdo ti ń yọ. Bí a ti ń wò ó, ó na ọrùn, ó kọ. Igbe náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì já láàárín, bí ohùn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Màmá tó ni ín fi ọwọ́ bo etí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni adìẹ yìí ti pa ọmọ fún un.

Wọ́n fẹ́ so òkúta mọ́ ọn kí wọ́n sọ ọ́ sínú ọ̀sà. Bàbá àgbà kan, tó ti ṣe ọdẹ ní igbó Òkìtìpupa kí ó tó wá di apẹja, ló dá wọn dúró.

"Ẹ jẹ́ kí n pa á, kí n sì wo inú rẹ̀ ná. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ sómi, kò sí ohun tí a mọ̀ mọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ kàn án," ni màmá náà ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó mi, ọwọ́ tí mo fi pa ẹfọ̀n rèé. Adìẹ kò ní fà á já."

Ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Bàbá náà tẹ́ ewé àgbọn sílẹ̀, ó la adìẹ náà láyà wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fi ìka ti ìfun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì pè wá kí a sún mọ́ ọn. Gbogbo ẹni tó bá ti pa àgbébọ̀ rí mọ ibi tí ẹyin kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè máa ń so jọ sí lára ẹ̀yìn, lápá òsì, bí ìdì ẹyìn ojú ọ̀pẹ. Kò sí ìdì ẹyìn níbẹ̀. Kókó líle kan, aláwọ̀ eérú, tó tó ìdajì obì, ló jókòó sí ipò rẹ̀. Bàbá náà fi ìmú ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́, ó sì wí pé: "Ilé ẹyin rẹ̀ ló ti kú. Adìẹ yìí kò pe ikú ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ni kò yá."

Ohun tí ọdẹ yẹn fi ọ̀bẹ ẹja ṣe lórí ewé àgbọn, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ John Hunter ti ṣe irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1780. Hunter kọ̀wé nípa ẹyẹ abo tó gbé aṣọ akọ wọ̀ lọ́jọ́ ogbó, pàápàá abo ọ̀kín kan tó ti pa ọmọ nígbà mẹ́jọ fún ìyáàfin ọlọ́lá kan, tó wá pàrọ̀ ìyẹ́ nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ìrù ọba ẹyẹ sì hù sí i lára tòun ti ìwo ẹsẹ̀. Ẹnu ya gbogbo ilé náà, ṣùgbọ́n wọn kò pa á. Wọ́n jẹ́ kí ó lo ọjọ́ rẹ̀ tán.

Lónìí a ti mọ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ilé ẹyin òsì nìkan ló ń dàgbà nínú adìẹ. Ti apá ọ̀tún a rọ láti kékeré, a sì wà níbẹ̀ bí ohun tí kò sí. Ilé ẹyin òsì yìí ló ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní estrogen, oje yìí ló sì ń fi aṣọ abo wọ adìẹ. Aṣọ akọ gan-an ni aṣọ àdámọ́ irú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí: bí a bá tẹ àkùkọ lọ́dàá, ìyẹ́ ẹwà rẹ̀ kò ní kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àìsàn tàbí ogbó bá pa ilé ẹyin òsì, tí oje abo gbẹ, ìyẹ́ tó bá hù lẹ́yìn náà yóò jẹ́ ti akọ, èyí tó ti rọ lápá ọ̀tún náà sì lè jí, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú oje akọ tirẹ̀. Ogbe a pọ́n, ohùn a dé. Ní ọdún 1923, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ F. A. E. Crew, ní Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ròyìn adìẹ kan tó ti yé ẹyin fún ọdún bí mélòó kan, tí àìsàn jẹ ilé ẹyin rẹ̀ run, tó sì wá di bàbá òròmọdìẹ méjì. Ṣọ̀wọ́n ni èyí, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ní ilẹ̀ Scotland kan náà, ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Roslin fi hàn nípasẹ̀ adìẹ tí ìlàjì ara wọn jẹ́ akọ, tí ìlàjì jẹ́ abo, pé bíńtín-bíńtín ara adìẹ kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tó jẹ́ fúnra rẹ̀. Ti tòlótòló onírùngbọ̀n kì í ṣe àìsàn rárá. Bí ó ti wá sáyé nìyẹn.

Èmi kò ní bá àwọn baba wa jà. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́: wọ́n mọ̀ pé ohun kan ti bàjẹ́ nínú adìẹ náà, ó sì ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ìkánjú ni mo fi sùn wọ́n, nítorí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Àwọn kan náà ló ti ka ìbejì sí èèmọ̀ rí, kí wọ́n tó yí ọkàn padà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ère fún wọn, kí wọ́n máa se ẹ̀wà fún wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ìyá tó bí ìbejì lónìí tí a kì í kí kú oríire. Ọkàn tó lè ṣe irú ìyípadà yẹn kì í ṣe ọkàn òkúta.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àṣà pípa àgbébọ̀ tó kọ ń kú lọ, kì í sì í ṣe òye ló ń pa á. Lóòótọ́, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ èèmọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tó tóbi jù ni pé adìẹ kì í dàgbà mọ́. Adìẹ ẹran tí wọ́n ń tà ní ọjà Ajégúnlẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ láyé. Adìẹ ẹlẹ́yin, tó bá ti yé fún ọdún kan lé díẹ̀ tí ẹyin rẹ̀ ń dín kù, ọjà ló kàn. Tòlótòló ọ̀sìn kì í sábàá rí Kérésìmesì kejì. Ilé ẹyin kò ráyè gbó nínú ara wọn. Ọmọ Èkó tó ń jẹ ẹran adìẹ lójoojúmọ́ lè dàgbà kí ó darúgbó láìrí àgbébọ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, áńbọ̀sì èyí tó kọ. Àwọn agboolé bí ti Igbólógun, tí adìẹ ti ń sùn lórí igi tí kò sì sí ẹni tó ń ka ẹyin rẹ̀ sínú ìwé, ni ó kù tí adìẹ ti ń pẹ́ láyé tó láti ya ènìyàn lẹ́nu.

Màmá Ìlàjẹ yẹn kò jẹ nínú ẹran náà, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kankan jẹ ẹ́. Bàbá ọdẹ ló gbé e lọ. Nígbà tí a padà lọ ra ẹja ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi í léèrè àlàáfíà ilé, ó ní gbogbo wọn wà, baálé pàápàá wà, ó ti lọ sójú omi. Ó wá fi ọwọ́ tọ́ka sí sásá kan tó ń ta iyanrìn lábẹ́ pẹpẹ ìyanja, tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ tí adìẹ náà pa gbẹ̀yìn. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni òun náà. Ó ní òun kò tíì lè sùn dénú láfẹ̀mọ́júmọ́. Bí àkùkọ àkọ́kọ́ bá ti kọ, òun a jókòó sórí ẹní, òun a máa fetí sílẹ̀ bóyá láti abẹ́ pẹpẹ ni.